Òṣùwọ̀n

Mo mọ òṣùwọ̀n.
Ogún ọdún ni mo fi ń wọn kájú ní Arówómọlé.
Mo mọ oníbàárà tó ń fi àtàǹpàkò ti àwo láti ìsàlẹ̀,
mo mọ àgbẹ̀ tó ń bu omi sí àpò ní ìdájí,
mo mọ òkúta tó ń sùn láàrin koro bí àlejò tí kò kí onílé.
Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé Oyèdámọ́lá gorí irin,
tí nọ́ọ̀sì pe iye, tí Ládépò apòògùn ti fi bírò kan ìwé,
èmi ni mo ké pé: ẹ dúró ná,
ẹ bọ́ ṣòkòtò ọmọ yẹn.

Koro kájú mọ́kànlélógún,
ìdérí ìgò méjì, bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan tó ti kú.
Wọ́n ti sọ fún un pé kò sẹ́ni tí yóò bá a ṣeré
nínú yàrá onídígí fún odidi oṣù kan.
Òun náà sì ti dira.

Abẹ́rẹ́ fà sẹ́yìn
bí ẹni tó rántí nǹkan tó gbàgbé sílé:
kílò mẹ́tàdínlógún di mẹ́rìndínlógún àti ààbọ̀.
Ládépò fa ilà pa gbogbo ìṣirò rẹ̀,
ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ètè rẹ̀ ń mì, kò sọ̀rọ̀.
Fáànù ń fẹ́, síbẹ̀ òógùn bò ó.

"Bàbá Mofìyìn," ó ní, "ẹ ṣeun.
Oògùn yìí kì í ṣe ti ibà tí a ń fi ṣíbí bù.
A fẹ́ fi ro inú eegun ọmọ bí a ti ń ro oko,
kí fòníkú-fọ̀ladìde tó ta gbòǹgbò sí mùdùnmúdùn rẹ̀ kúrò,
kí irúgbìn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ríbi jókòó.
Bó bá kéré, koríko àná á tún hù, á fún irúgbìn pa.
Bó bá pọ̀ jù, iná á fo ààlà, á jó àká."
Ẹ̀dọ̀ ló pè ní àká.
"Ọmọdé kì í ṣe àgbà tí a gé kúrú.
Ọmọ méjì lè wọn bákan náà,
kí oògùn ti ṣàn dànù lára ọ̀kan kí oòrùn tó kan àtàrí,
kó ṣì wà lára èkejì títí ìrọ̀lẹ́."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní wákàtí kejì, ìkẹrin, ìkẹfà:
ìgò kéékèèké nínú yìnyín, nínú ọkọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn.
Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń bá ọkọ̀ náà ka ìlú,
Ọ̀yọ́, Ìlọrà, Fìdítì, Ìrókò,
mo tún padà sí Ọ̀yọ́, mo kà á lọ.
Ó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù lálẹ́, fóònù dún.
Ládépò gbọ́, ó ní: "Wọ́n ní ká dín tọ̀la kù."

Dín kù!
Lẹ́nu iṣẹ́ mi, ẹni tó bá ní kí n dín kù
ń wá ọ̀nà àtirẹ́ mi jẹ ni.
Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà.

Irun rẹ̀ já sórí ìrọ̀rí. Ẹnu rẹ̀ bó.
Ó ń bínú sí mi nítorí koro kájú.
Ẹ̀jẹ̀ Mofìyìn dé nínú àpò ọ̀rá kékeré kan, ó pọ́n bíi sobo,
Oyèdámọ́lá sùn títí ó fi kán tán.
Mo ti rò pé nǹkan kan yóò dún.

Òní lọjọ́ kẹsàn-án.
Wọ́n ka àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: òdo.
Ládépò ní òdo yìí kò burú, òun náà là ń retí.
N kò fèsì.
Mo gun ọ̀kadà lọ sí Arówómọlé, mo ṣílẹ̀kùn ìsọ̀,
mo gbé gbogbo nǹkan kúrò lórí òṣùwọ̀n,
mo fẹ́ eruku rẹ̀ dànù,
mo sì dúró títí abẹ́rẹ́ fi dákẹ́ sójú òdo,
níbi tí oníṣòwò tó bẹ̀rù Ọlọ́run ti ń bẹ̀rẹ̀.